Ẹ̀rù Inú Ilé: Ìtàn Fíìmù Adẹ́rùbani láti Ọ̀sọ́sà dé Achara Layout

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá jókòó ti fíìmù adẹ́rùbani. Nínú sinimá àwọn Òyìnbó, òde ni ohun ẹ̀rù ti sábà máa ń wá. Dracula a máa ti ilé olódi kan ní orí òkè jíjìnnà réré wá, kí ó tó wá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Òkú tí onímọ̀ Frankenstein rán pọ̀ a máa ti inú yàrá ìwádìí rẹ̀ jáde wá sí àárín ìlú. Ṣùgbọ́n nínú tiwa, inú ilé ni ẹ̀rù ń gbé. Ìyàwó baba ẹni ni. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń jẹun ni. Ọkọ tí ó sùn ti aya rẹ̀ lóru ni. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò lè mọ ìdí tí fíìmù tí àwọn Òyìnbó fi ń rẹ́rìn-ín fi lè mú kí odidi agbo ilé kan pa ẹnu mọ́ lọ́dọ̀ wa.

Èrò mi nínú àròkọ yìí ni láti tọpa bí ẹ̀rù inú ilé yìí ti ṣe ti orí ìtàgé dé ojú sinimá, bí ó ti ṣe bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, àti bí ó ti ṣe rìn lọ rìn bọ̀ láàrin ilẹ̀ Yorùbá àti ilẹ̀ Ìgbò. N kò ní í fi ohun kan pamọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé: mo fẹ́ràn fíìmù wọ̀nyí púpọ̀, mo sì ti wò wọ́n láti ìgbà èwe mi. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ojú mi ní àdúgbò Achara Layout, ní ìlú Enugu, ní 1995, tí kò jẹ́ kí n lè kọ̀wé nípa wọn bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ eré lásán.

Achara Layout ní 1995

Ìlú èédú ni Enugu. Ní 1909 ni àwọn awalẹ̀ ìjọba amúnisìn rí èédú ní agbègbè Udi, nígbà tí ó sì di 1915, wíwà á ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ìlú náà dàgbà títí ó fi di olú-ìlú Ẹkùn Ìlà-Oòrùn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an, ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ẹkùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Kò tí ì pé ọdún kan nígbà náà tí Ìbàdàn ti ṣí tirẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959. Ẹ̀rín ni àwọn oníṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Enugu sì kọ́kọ́ fi gba òkìkí ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Eré The Masquerade ti James Iroha, nínú èyí tí Chika Okpala ti ṣe Zebrudaya, bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò níbẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé kí ó tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá a máa kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì rẹ̀.

Ìhà gúúsù ìlú náà ni Achara Layout wà. Àgùnbánirọ̀ ni mo jẹ́ ní ọdún náà, mo sì gba yàrá kan ní ilé alájà méjì níbẹ̀, níbi tí ayálégbé pọ̀ sí tí gbogbo wa sì ń fa omi ní ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ìyá àgbàlagbà kan ni ó ń gbé yàrá kejì sí tèmi. Opó ni, kò sì bímọ. Ọ̀kpá ni ó ń tà. Oúnjẹ òwúrọ̀ àwọn ará Enugu ni ọ̀kpá. Ó fara jọ mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n ẹ̀pà kan tí ó le koko ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a lọ̀ ọ́ kúnná, wọn a fi epo pupa pò ó, wọn a sì pọ́n ọn sínú ewé kí wọ́n tó sè é. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Òun náà a máa pè mí ní “nwa m”, èyí tí ó túmọ̀ sí ọmọ mi. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin òru ni yóò ti dáná, nítorí pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tán kí ọ̀kpá tó jinná, ọjà ọjọ́ náà ti bọ́.

Ní alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí iná mànàmáná bá wà, àkọ́bí onílé a máa lọ yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò, gbogbo ará ilé a sì kó jọ sí pálọ̀ bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ wo Living in Bondage, tí ó ti jáde ní 1992. Èdè Ìgbò ni wọ́n fi ṣe é, n kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ nínú èdè náà. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà kò hàn dáadáa. Síbẹ̀, ohun gbogbo yé mi. Nígbà tí ọkọ náà wọ inú agbo àwọn olówó, tí wọ́n sì ní kí ó mú ẹni tí ó fẹ́ràn jù lọ wá, kò sí ẹni tí ó ṣe ògbufọ̀ fún mi kí n tó mọ̀ pé aya rẹ̀ ni yóò kú. Mo ti rí ẹ̀rù yẹn rí ní ilé wa. Ibo ni mo ti rí i? Ìbéèrè yìí ni ó mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn náà kiri.

Láti inú igbó sí inú ilé

Sinimá kọ́ ni ó kó ẹ̀rù wá bá wa. Ní oṣù Kẹjọ, 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó nínú gbọ̀ngán Glover, ṣùgbọ́n àlọ́ ti ń dẹ́rù ba ọmọdé lábẹ́ òṣùpá fún àìmọye ọdún kí ó tó di ìgbà náà. Nígbà tí D. O. Fágúnwà sì tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, tí Amos Tutùọlá sì tẹ ìwé The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952, ẹ̀rù wà nínú ìwé méjèèjì dé góńgó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ibi tí ẹ̀rù náà wà. Inú igbó ni. Ọdẹ ni yóò gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá iwin ní ibùgbé wọn. Bí ó bá sì padà dé ilé, ewu ti tán.

Báwo wá ni ẹ̀rù ṣe ti inú igbó wọ inú ilé? A kò lè sọ pé kò sí níbẹ̀ rárá tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àjẹ́ ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn wa mọ̀. Ní 1950 àti 1951, àwọn awájẹ̀ẹ́ kan tí à ń pè ní Àtíngà, tí orírun wọn jẹ́ Gold Coast, gba ilẹ̀ Dahomey wọ ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń nàka sí àwọn obìnrin, pàápàá jù lọ àwọn àgbàlagbà, pé àjẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ń fi ipá mú wọn jẹ́wọ́, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wó ojúbọ òrìṣà. Ní 1951 ni ìjọba amúnisìn fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Andrew Apter, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, so ó mọ́ owó kòkó tí ó ya wọlé ní àkókò náà. Owó yìí gbé àwọn kan ga, ó fi àwọn kan sílẹ̀, ó sì dá ìfura sí àárín ẹbí. Ẹ̀kọ́ tí mo rí dì mú nínú èyí ni pé nígbà tí owó bá ń rìn ní ọ̀nà tí kò yé ènìyàn, ará ilé ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yìí, nítorí a ó tún padà bá a ní Enugu.

Ògúndé àti ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Aba

Hubert Ògúndé, ọmọ bíbí Ọ̀sọ́sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n bí ní 1916. Ọlọ́pàá ni kí ó tó di òṣèré. 1944 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíátà. Ó ti fi eré Ayé dá àwọn òǹwòran lára yá lórí ìtàgé kí ó tó di pé wọ́n yà á sí fíìmù ní 1979. Nínú fíìmù náà, Ògúndé fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, adáhunṣe tí ó bá àwọn àjẹ́ jà kí ìlú tó rójú. Ní 1981, ó tún gbé Jáíyésinmi jáde. Àròpin N’tènìyàn tẹ̀ lé e ní 1982, Àyànmọ́ sì jáde ní 1988, ọdún méjì kí ó tó jáde láyé ní oṣù Kẹrin, 1990.

Ẹni tí ó darí Ayé ni Ọlá Balógun. Orúkọ Yorùbá ni, ọmọ Yorùbá sì ni, ṣùgbọ́n ìlú Aba ní ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti bí i ní 1945. Ní 1975, ó ṣe fíìmù kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Amadi ní èdè Ìgbò. Ní 1976 ni ó wá ṣe Àjàní Ògún ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó tọ́ ọwọ́ Ògúndé wọ inú sinimá ti kọ́kọ́ fi èdè àwọn ará Enugu àti Aba dán ọwọ́ wò. Ọ̀nà tí ó wà láàrin ilẹ̀ méjèèjì ti là kí fídíò tó dé.

Kí ni ó mú kí Ayé dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan, ọgbọ́n àtijọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá parẹ́ lójijì nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ayàwòrán ni wọ́n dá dúró. Òṣèré náà á kúrò níbẹ̀, wọn á sì tún tan ẹ̀rọ. Georges Méliès, ará Faransé, ti ń fi èyí dá àrà láti 1896. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹwòran wa kò ka ohun tí wọ́n rí sí ọgbọ́n ẹ̀rọ. Wọ́n gbà pé Ògúndé ní agbára ní tòótọ́, pé kò sí ẹni tí ó lè fi àṣírí àwọn ìyá hàn báyìí kí ó sì wà láàyè bí kò bá ṣe ẹni tí ó mọ nǹkan. Ògúndé kò sì jẹ́ já wọn ní koro. Nínú gbọ̀ngán ìlú tí ó kún fọ́fọ́, tí òkùnkùn bolẹ̀, gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó ní ìyá kan nílé tí ó ń bẹ̀rù díẹ̀.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé

Àsìkò fíìmù ńlá kò pẹ́. Owó ni ó pa á. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń san án. Àwọn olè afọwọ́rà náà kò sì jẹ́ kí ẹni tí ó gbìn ín jẹ ẹ́: Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, jẹ gbèsè púpọ̀ nígbà tí àwọn kan da Ọ̀run Móoru ti 1982 kọ sí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń tà á. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé kalẹ̀ ní 1986, tí náírà sì wálẹ̀, ilẹ̀kùn náà tì pátápátá.

Àwọn òṣèré alárìnjó Yorùbá ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà gbà. Bí fíìmù bá wọ́n, ẹ kó kámẹ́rà fídíò wá. Ade Ajiboye ṣe Ṣóṣò Méjì ní 1988, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ibí yìí ni oníṣòwò kan ti wọ inú ìtàn wa. Kenneth Nnebue ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìgbò ni, ọjà ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń tà. Ó rí i pé fídíò Yorùbá ń mówó wọlé, ó sì fi owó sí i. Ọ̀kan nínú èyí tí ó náwó sí ni Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe ní 1989. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí àkọlé yẹn. Àjẹ́ ni ìyá mi! Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè wá nípa ẹ̀rù inú ilé wà nínú gbólóhùn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, Nnebue gbé owó kalẹ̀ fún Living in Bondage. Okechukwu Ogunjiofor ni ó mú ìtàn náà wá; Chris Obi Rapu, tí ó fi orúkọ Vic Mordi bo ara rẹ̀, ni ó darí rẹ̀; Kenneth Okonkwo sì ṣe Andy, ọkọ tí ó fi aya ṣe ètùtù owó. Bí ó ti fi ẹ̀jẹ̀ rà á tán, owó ya wọlé, ṣùgbọ́n òkú aya rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi. Kásẹ́ẹ̀tì náà tà bí àkàrà ní Ìdúmọ̀tà ní Èkó àti ní Iweka Road ní Onitsha. Báyìí ni ọ̀nà náà ṣe di ẹlẹ́ẹ̀kejì: ọmọ Yorùbá kan ti lọ fi èdè Ìgbò kọ́ iṣẹ́, ọmọ Ìgbò kan náà sì ti wá fi èdè Yorùbá kọ́ òwò. Ìdí nìyí tí mo fi mọ ẹ̀rù náà ní pálọ̀ onílé ní Achara Layout. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni ó ti jáde.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àsìkò. Ní 1992 àti 1993, náírà ń wálẹ̀, wọ́n fagi lé ìdìbò June 12, àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ sì ń rí ojúgbà wọn tí ó ra ọkọ̀ olówó ńlá láìsí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Owó ń rìn ní ọ̀nà tí kò yé ènìyàn, bí ti ayé owó kòkó. Àwọn ènìyàn sì tún fura sí ará ilé.

Èrò tèmi lórí àwọn fíìmù náà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò gẹ́gẹ́ bí olùfẹ́ sinimá. Àkọ́kọ́, fíìmù tí ó fi ohun ẹ̀rù hàn ní kíákíá kò dẹ́rù bà mí. Nneka the Pretty Serpent ti 1994, tí Zeb Ejiro ṣe, dára jù níbi tí obìnrin inú omi náà bá kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ju ibi tí agbára rẹ̀ ti hàn. Bákan náà ni Karishika ti 1996: ariwo ọ̀run àpáàdì rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀rù rẹ̀ lọ. Diamond Ring ti Tádé Ògìdán ní 1998 ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ti ìgbà náà, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí ọ̀dọ́ lè dá ni ó dá a sílẹ̀: wọ́n jí òrùka lára òkú, òkú sì wá béèrè ohun tí í ṣe tirẹ̀. Ìyẹn yé ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ìgbò láìsí àlàyé.

Èkejì, mo ní ẹ̀sùn kan sí púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú Ayé, adáhunṣe ni ó ṣẹ́gun. Nínú apá kejì Living in Bondage ti 1993, ìjọ àwọn àtúnbí ni Andy ti rí ìtúsílẹ̀. Ọwọ́ tí ó gbani ni ó yí padà, ṣùgbọ́n ohun kan kò yí padà: ẹni tí wọ́n bá ti nàka sí gbọ́dọ̀ jẹ̀bi. N kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí fíìmù kan nínú gbogbo èyí tí mo wò ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan obìnrin, tí ó sì wá hàn ní ìgbẹ̀yìn pé irọ́ ni.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó tù mí nínú ni The Figurine ti 2009. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, ni ó darí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ń sin ilẹ̀ baba wọn rí ère Àràrọ̀mirẹ̀ nínú igbó. Ọdún méje ire dé, ọdún méje ibi sì tẹ̀ lé e. Ṣé ère náà ni, àbí ọwọ́ ènìyàn? Fíìmù náà kò bá wa dá a. Ó fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún òǹwòran, ó sì tún fi ẹ̀rù sílẹ̀ fún un. Ramsey Nouah, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré rẹ̀, ni ó wá darí ìtẹ̀síwájú Living in Bondage ní 2019. Ọ̀nà àárín ilẹ̀ méjèèjì kò tí ì dí.

Ẹ̀rù tí ó jáde kúrò nínú àwòrán

N ó wá padà sí Achara Layout. Nígbà tí òjò ọdún náà fi máa rọ̀ dáadáa, àwọn ọmọ inú ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún Màmá. Wọ́n ti rí nínú fídíò pé obìnrin tí kò bímọ ni ó máa ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ti rí i pé òru ni irú wọn ń ṣiṣẹ́. Òru sì ni Màmá ń jí! Iná tí ó ń dá ní aago mẹ́rin kí a tó rí oúnjẹ òwúrọ̀ jẹ di ẹ̀rí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Àwọn ìyá wọn rẹ́rìn-ín sí i ní àkọ́kọ́. Kò pẹ́, wọn kò rà á mọ́. Lẹ́yìn náà, wọn kò jẹ́ kí ọmọ wọn gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.

Èmi náà kò rà á mọ́. Ohun tí ó mú mi kọ gbogbo àròkọ yìí nìyẹn. Mo ti kàwé, mo mọ bí wọ́n ti ń dá ẹ̀rọ ayàwòrán dúró kí ènìyàn lè parẹ́, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tí ìyá náà ṣe. Mo sọ fún ara mi pé inú ni ó ń run mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró dè mí lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó sì bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì pé, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà wo fíìmù náà ni?” Mo ní n kò ní ṣéńjì lọ́wọ́ ni. Kí òjò tó dáwọ́ dúró ni ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí abúlé rẹ̀. N kò rí i mọ́ títí di òní.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Màmá kéré bí a bá fi wé ti àwọn mìíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án, 1996, ní Owerri, wọ́n pa ọmọdékùnrin kan ní hótẹ́ẹ̀lì Otokoto. Inú bí àwọn ará ìlú, wọ́n sì dáná sun hótẹ́ẹ̀lì náà àti ilé àwọn olówó tí wọ́n fura sí. Ìpànìyàn náà ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́; nítorí náà, a kò lè sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí fíìmù ń fi hàn. Ṣùgbọ́n ní 1999 ni End of the Wicked jáde láti inú ìjọ Helen Ukpabio, tí Teco Benson darí, nínú èyí tí àwọn ọmọdé ti ń ṣe àjẹ́. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọdé fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń fún ìgbàgbọ́ tí àwọn òbí fi ń lé ọmọ wọn jáde nílé ní agbára. Òun ní ti tirẹ̀ kò gba ẹ̀sùn náà. Ní 2008, ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọdé ní àjẹ́. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún láti ayé amúnisìn pàápàá ti ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀?

Ìjọba náà kò dákẹ́ lórí fíìmù. Òfin 85 ti 1993 ni ó dá àjọ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, 2024, ní ìlú Enugu gan-an, ni Shaibu Husseini, olórí àjọ náà, ti kéde òfin tuntun tí yóò dẹ́kun fífi ògùn owó, ìpànìyàn ṣètùtù àti sìgá mímu ṣe ohun ẹ̀yẹ nínú fíìmù. Ìlú tí mo ti rí i tí ẹ̀rù inú àwòrán lé ìyá kan jáde nílé ni wọ́n ti wá kéde rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ṣé kí á wá fòfin de fíìmù adẹ́rùbani ni? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí á má sọ ìtàn ẹ̀rù mọ́ ń ní kí á da àlọ́ àti Fágúnwà nù pẹ̀lú. Living in Bondage náà sọ òtítọ́ ńlá kan, pé ẹni tí ó bá fi ará ilé rẹ̀ ra owó kò ní í rí ẹni bá a ná an. Ohun tí mo rí pé ó kù ni pé kí àwọn tí ń kọ ìtàn wa yí ojú kámẹ́rà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń nàka pẹ̀lú. Bí ikú ilé bá ń pani, òun náà ará ilé ni.

Iṣẹ́ kan sì kù fún àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá di olùkọ́. Àwọn ọmọ tí a ó kọ́ ti wo fíìmù wọ̀nyí kí wọ́n tó wọ kíláàsì wa. Kí á má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kí á má sì ṣe ṣe bí ẹni tí kò wò wọ́n rí. Kí á fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn wọ́n: ibi tí wọ́n ti dá ẹ̀rọ dúró, ìdí tí wọ́n fi lu ìlù báyìí. Lẹ́yìn náà, kí á bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta péré: Ta ni ó sọ pé àjẹ́ ni obìnrin yìí? Kí ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí? Bí ó bá jẹ́ pé irọ́ ni, ta ni yóò lọ bá a nílé láti tọrọ àforíjì?

Ìbéèrè kẹta yẹn le púpọ̀. Ó ti di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wá ìdáhùn rẹ̀.